Lẹ́tà Mẹ́rin Lára Ògiri Káfíńtà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n ní kí n fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kíláàsì kẹta, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí mo ti ń ṣe bí ẹni tó ni ilé-ìwé. Ìyá Onígíláàsì, olùkọ́ àgbà tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́, kìlọ̀ fún mi.

"Àǹtí kékeré, kó o tó kọ̀wé ẹ̀sùn sí òbí, kọ́kọ́ lọ rí i."

Mo ní ó dáa, mà. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Ọmọbìnrin kan wà tí a ń pè ní Olóhùn-jẹ́jẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé tí mo bá fún un. Bí mo bá bi í léèrè, bàtà ẹ̀ ni yóò máa wò. Inú bí mi, mo kọ̀wé sí bàbá ẹ̀ pé ọ̀lẹ ni ọmọ rẹ̀. Kò fèsì. Mo kọ èkejì, mo kọ ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ló burú jù: "Ó jọ pé ẹ̀yin gan-an ni kò ka ẹ̀kọ́ ọmọ yín sí." Ọmọ náà ló ń gbé gbogbo wọn lọ sílé.

Nígbà tí ẹ̀kẹrin náà kò mú èsì wá, mo gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí kí n lè sọ ojú abẹ níkòó. Káfíńtà ni. Bó ṣe rí mi, ó ju ayùn sílẹ̀, ó fi aṣọ nu àga fún mi.

"Tíṣà ọmọ mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wò ó, àná ni mo kàn wọ́n."

Lẹ́tà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ìṣó kàn mọ́ ògiri, lókè ibi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí.

"Èmi ò mọ̀wé," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ló ń bá mi kọ ìwọ̀n pákó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ yọ ọ́ nílé-ìwé kó wá jókòó tì mí. Lẹ́tà yín ni ò jẹ́. Ó kà á fún mi pé ẹ ní òun ń gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín kà á kí n gbọ́."

Olóhùn-jẹ́jẹ́ dúró sẹ́yìn pákó, ó di pẹ́ńsù mú. Lọ́jọ́ yẹn, kò wo bàtà. Èmi ló ń wò.

Ojú tì mí dé eegun. Mo dìde, mo dojú kọ ògiri. "Ọmọ yín ń gbìyànjú gan-an," ni mo kà. Bàbá pàtẹ́wọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kó wọn lọ, kí n tún wọn kọ dáadáa. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ó tì o! Oníbàárà tó bá mọ̀wé á bá mi yọ̀."

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tiẹ̀ rí ilẹ̀ balẹ̀ sí, ìṣó ló gbé e dúró.

Mo kọ ẹ̀karùn-ún lálẹ́ ọjọ́ náà, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àga Olóhùn-jẹ́jẹ́ ṣófo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún ṣófo. Mo mú lẹ́tà náà, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ihò ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Olóhùn-jẹ́jẹ́ jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó ń kọ ìwọ̀n. Mo kí bàbá ẹ̀, ó dáhùn pé oníbàárà kan ti ka lẹ́tà wọ̀nyẹn fún òun. Kò nu àga fún mi.