Ìdì Koríko Lójú Fèrèsé

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Teleri fi sọ àká koríko bàbá rẹ̀ di ilé ìsinmi fún àlejò. Ìjọba ìbílẹ̀ da àwòrán ilé náà padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìjì òkè ilẹ̀ Wéèsì sì ṣí òrùlé rẹ̀ lọ, Teleri tún un kàn. Ó wá fi gíláàsì dí ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń gbé koríko gbà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, gbogbo àfonífojì ló tẹ́ síwájú rẹ̀, tòun ti odò àti àgùntàn.

Heulwen ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jogún àgùntàn àti ilẹ̀ oko, ń gbé ilé bàbá wọn nísàlẹ̀, nínú kòtò tí àwọn àgbà kọ́ ọ sí nítorí afẹ́fẹ́. Ògiri lásán ni fèrèsé tirẹ̀ kọjú sí. Ó ń jowú, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi katakata to ìdì koríko ńláńlá tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé síwájú gíláàsì àbúrò rẹ̀ títí ó fi bo àfonífojì. Àwọn àlejò ń kùn.

Teleri sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé koríko yín kúrò lójú mi."

"Ojú ẹ kọ́ ló wà. Orí ilẹ̀ mi ló wà."

"Èló lẹ fẹ́?"

Heulwen rẹ́rìn-ín. "Yunifásítì mà kọ́ ẹ ní ìṣirò o. Mo gbé ẹyin wá fún ẹ, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àjèjì kan ló yọjú, tó ní ta ni mo ń wá. Nínú àká tí èmi àti Bàbá ti jọ ń gbẹ̀bí àgùntàn."

Lórí òkè yẹn, ọmọ ìyá kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, á sì máa ké orúkọ onílé bọ̀. Teleri ti fi àgádágodo onínọ́ńbà sí ẹ̀yìn. Gbogbo àlejò ló mọ nọ́ńbà náà, àfi Heulwen.

Teleri ka nọ́ńbà náà fún un.

"Ta ló bi ẹ́ ní nọ́ńbà? Yọ ọ́."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Teleri yọ ọ́. Heulwen gba ẹ̀yìn wọlé, ó jókòó síwájú gíláàsì, kò bọ́ bàtà. "Àwọn tí kò mọ orúkọ odò yẹn ló ń wò ó," ló wí, ojú rẹ̀ sì le síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Heulwen kó ìdì koríko náà kúrò. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, irun àgùntàn sì gbẹ dáadáa fún rírẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ló gba ọjọ́ rẹ̀. A kì í fi owó san irú oore bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ la fi ń san án. Teleri jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbèsè iṣẹ́ ọjọ́ kan nídìí irun àgùntàn.