Ìgèrè Mẹ́fà Nínú Odò Ọ̀wẹ̀

Ọkọ̀ ojú omi ọkọ mi ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fà á gòkè ní èbúté Òde-Omi, ẹrẹ̀ yọ̀ wọ́n, ìdí ọkọ̀ sì tẹ ojúgun rẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun dá sí méjì. Adémúyìwá ni orúkọ rẹ̀. N kò pè é lórúkọ yẹn rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n òkú kì í bínú, ẹ jẹ́ kí n pè é nínú ìwé kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ọdún kejì tí ogun Ìmagbọ̀n parí ni. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti gbé èmi Ìbíkẹ́ wá fún un, n kò sì tíì pé ọdún kan nílé ọkọ. Odò tí mo mọ̀ nílé bàbá mi, ẹsẹ̀ la fi ń wọ̀ ọ́. Bí ó bá kún kún, kò ju àyà lọ. Ọ̀sà tí mo bá ní Òde-Omi, n kò rí òdìkejì rẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kí n wọ ọkọ̀, ńṣe ni mò ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú bí ọmọdé ti ń di ìró ìyá rẹ̀ mú, ìyá ọkọ mi a sì máa wí pé inú abọ́ ni àwa ará òkè ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Òfin kan wà ní agbo ilé wọn. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, wọn a ka ìtàdógún fún ọkọ̀ náà. Bí kò bá gbé ẹja wọ èbúté kí oòrùn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó wọ̀, olórí ẹbí yóò gbà á, yóò fi fún ẹni tó bá wù ú. Bí ó bá gbé ẹja wá, olórí ẹbí yóò gba orí ẹja tó tóbi jù lọ, yóò jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ sì ti bọ́ nìyẹn títí di ìtàdógún mìíràn. Wọ́n ní nítorí kí igi dáadáa má baà jẹrà lórí ilẹ̀ ni àwọn bàbá wọn ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.

Akínbọ́lá ni olórí ẹbí nígbà náà, ọmọ bàbá ọkọ mi ni, ó sì jù ú lọ dáadáa. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló ní, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń pín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọkọ̀ ní Òde-Omi, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa wà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ọkọ mi dìde lórí ẹní kó lọ di bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ kẹta tó ti dùbúlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìgèrè. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ẹ ó la ọ̀pá ògùrọ̀ wẹ́wẹ́, ẹ ó fi okùn igbó hun ún bí agbọ̀n gígùn. Ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á há, ẹja tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà àtijáde mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, mo ti ní mẹ́fà.

Ibi tí n ó dẹ ẹ́ sí ló kù. Ojú omi tó wà níwájú ìlú, oníkálukú ti fi ọgbà ẹja pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Odò Ọ̀wẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó ní in, odò tó ti inú igbó wá, tó ń da omi sínú ọ̀sà. Bí a bá gbéra ní òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta la ó dé ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀. Wọ́n ní omi rẹ̀ dúdú, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ níbẹ̀, àwọn igi sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń dúró de ọkọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ó bi mí pé ta ni yóò jókòó sí ìdí ọkọ̀, nítorí ẹni tó bá wà ní ìdí ló ń darí rẹ̀. Kí n tó dáhùn, ìyá rẹ̀ ti fọhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Èmi ni. Àbí o fẹ́ kí ará òkè yìí tu ọkọ̀ rẹ lọ sí ọ̀run?”

Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe gbéra ní ọjọ́ kejìlá. Ìyé, bí mo ṣe ń pe ìyá ọkọ mi nìyẹn, jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Ó ní kí èmi jókòó síwájú, kí n di igbá mú, kí n máa gbọ́n omi, kí n má sì mira. Ìgèrè mẹ́fà wà láàárín wa. Lórí ọ̀sà, Ìyé mọ ohun tó ń ṣe. Ó dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjẹ̀ rẹ̀ kì í ta omi sókè. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí, mo ń kọ́ ọ nínú ọkàn mi, nítorí kò jẹ́ kọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí a wọ Odò Ọ̀wẹ̀, ibi gbogbo ṣú. Igi ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì fi orí kan ara wọn lókè. Ìyé gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó fi gún ìsàlẹ̀ omi bó ṣe máa ń gún un lórí ọ̀sà. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà, iyanrìn ni. Ìsàlẹ̀ odò igbó, ewé tó ti ń jẹrà láti ayé àwọn baba ńlá wa ni. Ọ̀pá wọlé, kò jáde mọ́. Ọkọ̀ ń lọ, ọ̀pá kò lọ, Ìyé kò sì fẹ́ fi ìkankan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá ọkọ mi ti so mọ́ ọ̀pá láàárín odò bí ọ̀bọ tó so mọ́ ẹ̀ka, ọkọ̀ sì ti fi í sílẹ̀.

Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó ń wò mí. N kò rẹ́rìn-ín. Mo fi igbá tó wà lọ́wọ́ mi wa ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gun inú ọkọ̀ tán, tó ń fún aṣọ, ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí ẹnikẹ́ni ní Òde-Omi, òun á mọ ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo wọn ti kú báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, mo ń sọ ọ̀nà fún un láti iwájú. Mo mọ odò igbó. Ibi tí omi bá ti ń hó wẹ́wẹ́ láìsí afẹ́fẹ́, igi wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá dán, tó sì ṣókùnkùn, ó jìn. A dé ibi tí odò ti ya wọ àbàtà, mo wọ inú omi, mo dẹ ìgèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sáàárín gbòǹgbò igi bí bàbá mi ti kọ́ mi. Ẹja kì í bá omi lọ, ńṣe ló ń kọjú sí i. Omi odò ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà, ẹja á máa gòkè bọ̀. Nítorí náà, mo kọ ẹnu gbogbo ìgèrè sí ọ̀nà ọ̀sà. Mo ju ẹyìn tí a sun sínú wọn, a padà sílé.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, a bá ìgèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lófo. Ọ̀kankan kò ní ìpẹ́ ẹja nínú. Ìyé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èyí sì dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó kàn na ọwọ́ sí ẹnu ìgèrè tó wà nítòsí rẹ̀, ó fa ewé tútù kan jáde, ewé tó rí bí òdòdó, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe bí irùngbọ̀n. Gbogbo ẹnu ìgèrè ló kún fún un.

“Ìyàwó, ta ló gbin ojúoró síbí?”

Mo ní n kò rí ẹni tó gbìn ín.

“Inú ọ̀sà ni èyí ń hù. Láti àná tí a ti ń bọ̀ nínú igbó yìí, n kò rí ẹyọ kan.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Ojúoró kò lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ti ọ̀sà dé inú igbó, omi ló gbé e wá. Mo bu orín tí mò ń run jẹ, mo tu èérún rẹ̀ sójú omi, a jọ ń wò ó. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń gòkè lọ sínú igbó.

Odò náà ń padà sẹ́yìn. Ìparí òjò ni, ọ̀sà ti kún dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó sì ń ti omi Ọ̀wẹ̀ padà sí ibi tó ti wá. Ìyé ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun ni òun ti ń rí i pé ọ̀sà ń kún ní oṣù yẹn, òun kò béèrè rí pé níbo ni àkúnya rẹ̀ ń lọ. Èmi náà ní odò bàbá mi kò padà sẹ́yìn rí, ìdí nìyẹn tí bàbá mi kò fi kọ́ mi ní èyí. Bí omi bá ń ti ọ̀sà bọ̀, ọ̀sà ni ẹja ń kọjú sí, inú igbó ni yóò ti máa bọ̀. Mo tún wọ inú omi. Mo gbọn ojúoró dànù, mo yí ẹnu ìgèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí inú igbó.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ìjì jà, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọkọ̀ kankan kò jáde. Akínbọ́lá wá kí ọkọ mi. Nígbà tó ń lọ, ó dúró ti ọkọ̀, ó fi ìka tẹ ibi tó ti sán. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, kò sí ìtìjú nínú kí ìyàwó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Mo ń gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọkọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá, mo sì ń gbọ́n omi mi lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́, òjò ti dá, afẹ́fẹ́ kò tíì dá. Ìgbì ń funfun lórí ọ̀sà. Ìyé dúró sí èbúté, ó wò ó títí, ó ní kí a dúró kí oòrùn kan àtàrí. Mo mọ̀ pé bí a bá dúró, a kò ní lè padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti ọkọ̀ sómi, mo wọ inú rẹ̀, mo mú àjẹ̀.

“Ìyé, ẹ wọlé, tàbí kí n máa lọ.”

Ìyàwó ilé kì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ti jáde lẹ́nu mi. Ìyé ká aṣọ sókè, ó wọlé, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó mú àjẹ̀ kejì. Àwa méjèèjì là ń wà á. Omi ń wọlé, mo ń gbọ́n, mo tún ń wà. Awọ àtẹ́lẹwọ́ mi bó, mo ya etí aṣọ mi, mo fi dì í.

Ìgèrè àkọ́kọ́, ohun kan ti já a, ó ṣófo. Ìkejì kò ní nǹkan. N kò wo ojú Ìyé. Mo fa ìkẹta, kò ṣeé fà. Mo rò pé gbòǹgbò ló há a mọ́, mo ti ọwọ́ bọ omi kí n tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì gbá mi lọ́wọ́. Àrọ̀ ni, ó gùn tó apá mi, méjì mìíràn sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹrin, ọ̀bọ̀kún mẹ́rin. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, a kò lè ka èyí tó wà níbẹ̀, a kàn ń dà á sínú ọkọ̀ ni. Ìyé ń fi àjẹ̀ gbá wọn lórí, ó ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà níjọ́ ìjẹta.

Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí a gúnlẹ̀. Akínbọ́lá wà ní èbúté pẹ̀lú àwọn àgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo oòrùn. Ó bi ìyá ọkọ mi pé ta ló pa á. Ìyá ọkọ mi ní ìyàwó ilé òun ni. Akínbọ́lá mi orí, ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ rí pé obìnrin gba ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ẹbí àwọn.

Ìyé ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

“Òfin ní kí ọkọ̀ gbé ẹja wá. Kò ní irùngbọ̀n ni kó tù ú.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. N kò dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo gé orí àrọ̀ ńlá yẹn, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ tí mo fi di ọwọ́, mo rí i pé ó rí i. Ó gbà á. Wọ́n sun ún níbẹ̀ lórí iná àwọn apẹja, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku egungun.

Nígbà tó nu ọwọ́ tán, ó pè mí.

“Ìyàwó, lọ́la ni ìtàdógún mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ kò ní tíì jinná.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, mo gbé ìgèrè dé èbúté, mo bá Ìyé nínú ọkọ̀. Iwájú ló jókòó sí, ibi tí mo máa ń jókòó sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó gbé igbá tí a fi ń gbọ́n omi lé itan. Mo dúró lórí ilẹ̀, n kò mọ ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ sí.

“Kí lò ń wò?” Kò bojú wẹ̀yìn. “Ìdí ọkọ̀ ṣófo. Wọlé, kí o máa tù ú.”