Ẹnu Sarhan

Òórùn la kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo àlejò tó bá wọ àgbàlá wa ní Nefta, ìlú wa létí aṣálẹ̀, a fọwọ́ bo imú, a sì máa wò yíká bóyá eku kan ló kú sí kọ̀rọ̀. Ẹnu Sarhan ló ń rùn bẹ́ẹ̀, ajá tó ń ṣọ́ oko dàbínù wa.

Látìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú ni ìyá ọkọ mi, Màmá Mannubiya, ti sọ ajá yẹn di ọmọ ọwọ́. Wọn ò jẹ́ kó fẹnu kan egungun mọ́, wọ́n ní á há a lọ́fun. Búrẹ́dì rírọ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú oyin dàbínù fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń fi í sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo ní eyín ajá náà ti ń pọ́n, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti wá ń jowú ajá ni?"

Nígbà tó yá, Sarhan ò jẹun mọ́. Itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń já lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ògiri, ó sì ń kùn mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, Rim ọmọbìnrin mi fọwọ́ pa á lórí. Wìrì ni ajá náà yí padà, ó gé e lọ́wọ́ jẹ.

Salih, aládùúgbò wa, gbọ́ igbe ọmọ, ó yọrí lókè ògiri. "Dìgbòlugi ni! Ẹ ò rí itọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni? Lazhar, kí lò ń wò? Gbé ìbọn!"

Lazhar ọkọ mi gbé ìbọn. Màmá lọ dúró síwájú ajá.

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Èmi ni kó o kọ́kọ́ yìn."

"Ọmọ mi ló gé jẹ!"

"Bàbá ẹ ló fi í sílẹ̀ fún mi."

Níkẹyìn, Lazhar fi igi lé ajá náà wọ àká, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà títí, mo sì gbé Rim lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn.

"Ìyá, ṣé màá kú?" ló bi mí lọ́nà.

Mo ní rárá, mo sì yára ẹsẹ̀.

Nígbà tí a dé, Sarhan ń ké nínú àká bí arúgbó tí wọ́n ń lù. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Hajer, dókítà ẹranko, dé láti ìlú Tozeur. Orí igi gígùn ló so abẹ́rẹ́ oorun mọ́, ó sì fi gún ajá náà láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ajá náà sùn tán, Hajer wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó la ẹnu rẹ̀. Gbogbo wa sún sẹ́yìn. Abẹ́ ojú ajá náà ti wú, ọyún ń ṣàn nídìí eyín, àwọn eyín ẹ̀yìn sì ń mì bí èèkàn inú ẹrẹ̀.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ohun tó dùn," ni Màmá wí.

"Màmá, ohun dídùn yẹn ló lẹ̀ mọ́ ọn léyín. Kò rí nǹkan líle rún, ẹnikẹ́ni ò sì fọ̀ ọ́ fún un. Ohun tó lẹ̀ yẹn ti jẹ ìdí eyín wọlé. Ẹ máa tì í mọ́lé ká máa wò ó ná, àmọ́ ó jọ pé ìrora ló mú un gé ọmọ jẹ." Ó gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé àyà ajá náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ọkàn rẹ̀ ò lù dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọyún yìí ti bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn."

Ó yọ àwọn eyín tó bàjẹ́. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí a ti ń ṣọ́ ọ, ó hàn pé kì í ṣe dìgbòlugi lóòótọ́. Ọwọ́ Rim jinná. Ṣùgbọ́n Sarhan ò gbádùn. Ó ń wúkọ́, ikùn rẹ̀ ń wú. Màmá ń se ẹran fún un, ajá náà ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kú kí a tó kórè. Màmá kàn jókòó ti àwo ẹran náà títí eṣinṣin fi bò ó.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ máa ń wọ oko wa. A máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń hú ìdí ọ̀pẹ dàbínù, kò sì sí ohun tó máa gbó mọ́ wọn. Láàárọ̀ òní, ipasẹ̀ wọn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá.