Irọ́ Tí Ìyàwó Mi Pa Nítorí Mi

Èmi ni mo ní kí Ajíbọ́lá, ìyàwó mi, má gbé Joy, ọmọ wa, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án. Ajíbọ́lá ti wẹ̀ ẹ́, ó ti pọ̀n ọ́n, ó ní kí n fi ọ̀kadà gbé àwọn dé ilé ìwòsàn ní Ararọ̀mí.

Mo ní, "Èyí tó gbà kẹ́yìn, ọjọ́ méjì gbáko lara rẹ̀ fi gbóná. Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀."

"Bàbá Joy, nọ́ọ̀sì ní ara gbígbóná yẹn kì í ṣe nǹkan."

Mo gba káàdì àjẹsára ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbéra lọ síbi iṣẹ́. Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, èéyi dé Òkè-Ọ̀pin, ìlú wa. Ojú Joy kọ́kọ́ pọ́n, ó ń wúkọ́, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ sú. Ìyá mi ní kí a máa fi ẹmu pa á lára. A fi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó bá ń mí ni mo tó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n ní, "Ṣé ó gba ti èéyi?"

Ajíbọ́lá wò mí, ó wò mí pẹ́.

Ó ní, "Mo gbàgbé ni, mà."

"Ohun tí wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ gbàgbé?"

Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó bá wọn wọ ọkọ̀ lásán.

Joy kú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Dọ́kítà ní àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ ní ẹ̀dọ̀fóró.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ni ìyá mi ń sọ fún pé ìyàwó òun gbàgbé. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run tù mí nínú, kó sì fún ìyàwó mi ní làákàyè. Mo ń ṣe àmín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá Ajíbọ́lá, Bàbá Olóyèdé, wá láti Òsì. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń bẹ ìyá mi nítorí àìbìkítà ọmọ wọn. Àgbàlagbà tó lé ní àádọ́rin ọdún. N kò lè jókòó mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ wá. Kò gbàgbé. Èmi ni mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá mi wolẹ̀. Bàbá Olóyèdé yíjú sí ọmọ wọn. "Kí ló dé tí o fi gbé e sórí ara rẹ?"

Ajíbọ́lá ní, "Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ojú ń tì í. Mo rò pé tó bá yá, ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Ajíbọ́lá bá bàbá rẹ̀ lọ sí Òsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó padà wá. A ti bí Gideon báyìí, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé. Bí àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi bá ní abẹ́rẹ́ ń da ọmọ láàmú, mo máa ń sọ fún wọn ohun tí mo ṣe. N kì í lè wo ojú wọn bí mo bá ń sọ ọ́.