Ohun Tí Kò Ní Wáyà

"Ibo ni wáyà ẹ̀ wà?"

Levi gbójú sókè láti orí àga tó jókòó sí. "Wáyà kẹ̀, Mummy? Kò nílò wáyà. Afẹ́fẹ́ ló máa gbà wọlé."

Àbẹ̀kẹ́ wo tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀, ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ó tún wo àjà. Ohun tó bá ní wáyà, èèyàn lè tọ wáyà náà títí dé ibi tó ti wá. Ta ni yóò wá tọ afẹ́fẹ́ délé? Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá.

Bí kì í bá ṣe ti ọmọ tuntun, kò sí ohun tí ì bá mú un gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé ayálégbé lọ́wọ́. Keziah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bímọ obìnrin sí Kánádà, òní gan-an sì ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ni ìyá àti ọmọ fi ń rí ojú ara wọn, ṣùgbọ́n kí Keziah tó bímọ ni WhatsApp orí rẹ̀ ti kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Ohun tó ń kọ sójú gíláàsì ni pé inú ẹ̀rọ náà ti gbó, kí wọ́n sọ ọ́ di tuntun. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí Àbẹ̀kẹ́ sì ń fọwọ́ gbá a dànù, torí wọ́n ti kìlọ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ pé ẹni tó bá tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún.

Keziah ti ní kí màmá òun fi fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pè, kó sọ orúkọ náà, kó parí síbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ fárígá. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́! Ó ní òun kò ní í pe orúkọ lé ọmọ tí òun kò tíì rí ojú rẹ̀ lórí. Ó ti mọ orúkọ tó fẹ́ sọ ọ́, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹnu ayé kì í ṣe ẹnu tí à ń fi orúkọ ọmọ sí ṣáájú ọjọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi gbà fún Levi. Yàrá ẹ̀yìn ni Levi gbà nínú ilé tí ọkọ Àbẹ̀kẹ́ kọ́ sí Ìkòsì kó tó kú. Ó ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdú ni òun ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, síbẹ̀ ọjọ́ mìíràn wà tí kì í jáde, tí yóò kàn máa tẹ nǹkan nínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́. Kì í jà, kì í pariwo, kì í gba àlejò. Ìyá Yúnúsà, ayálégbé kejì, ní ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí Levi wá ní òun á fi Wáífáì òun ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ara túbọ̀ fu Àbẹ̀kẹ́. Ta ló ń fún èèyàn ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́ l'Ékòó? Fọ́tò ìwé ilé náà sì wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

"Ó ti ń wọlé, Mummy," Levi wí. "Tó bá yá, á kú fúnra ẹ̀, á tún tàn fúnra ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ jẹ́ kó update tán."

"Á kú kẹ̀?"

"Á jí, mà."

"Ṣé wàá máa rí ohun tó wà nínú ẹ̀ láti yàrá ẹ ni?"

"Rárá o, mà." Levi rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Fóònù Levi dún, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé láti gbé e. Kò pẹ́ sí i ni ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà ṣókùnkùn. Àfi bíi pé Ìyá Yúnúsà ti ń dúró de é, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti kú? Òun náà sì ti jáde?" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìyá Keziah, ó ń fà á lọ nìyẹn! Ibi tó dúró sí yẹn ló ti ń fà á."

"Ó ní á tún tàn."

"Ṣé olè á sọ fún yín pé kò ní í tàn ni?"

Àbẹ̀kẹ́ di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bọ̀ fi kú pátápátá. Ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ohun tó bá ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà ló yẹ kí èèyàn dí mọ́ ọn. Ó gbé e lọ sí kíṣìnnì, ó kọjá ìrẹsì tó ń hó lórí iná, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò irin ńlá tó fi ń se ìrẹsì ìkórè, ó dé e, ó sì gbé ọmọ ọlọ lé ọmọrí rẹ̀.

Levi padà wọlé. "Mummy, tábúlẹ́ẹ̀tì dà?"

"Ó wà níbi tó wà."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti pa á!"

"Tí wọ́n bá pa á ńkọ́?" Ìyá Yúnúsà dá a lóhùn. "Ṣé tìẹ ni?"

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ṣí ìkòkò náà, Levi yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàn, ó kú. Ó tún tàn, ó tún kú.

"Ó ti há sáàárín. Ó di Mọ́ńdè tí mo bá gbé e dé ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ tá a máa fi jí i wà níbẹ̀."

"Mọ́ńdè? Òní ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ!" Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná, ó fi ìbòrí nu ojú.

Levi wo ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mummy, ẹ rò pé olè ni mí?"

Ojú ti Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ pé òun kò rò bẹ́ẹ̀.

Levi yọ fóònù tirẹ̀ lápò. Ó gba nọ́ńbà Keziah, ó fi WhatsApp tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù náà sí ìyá náà lọ́wọ́. "Ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò tì í, kó má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́." Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Fóònù náà ń dún lọ́hùn-ún. Kí Keziah tó gbé e, àtẹ̀jíṣẹ́ kan já bọ́ sókè gíláàsì. Ìyá Yúnúsà na ọrùn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ jẹ́ ká mọ irú èèyàn tó ń bá rìn."

Ká sòótọ́, ọwọ́ ń yún Àbẹ̀kẹ́. Òun kò lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ọmọ yìí ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan péré, ọmọ yìí sì kó gbogbo ayé rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ìka gbá àtẹ̀jíṣẹ́ náà kúrò lójú.

Ìgbà náà ni ojú Keziah yọ. "Mummy! Ẹ̀yin la ń dúró dè!"

Elkanah, ọkọ rẹ̀, gbé ọmọ náà sún mọ́ ojú fóònù. Ojú kékeré, imú bàbá àgbà, ó ń yán. Omijé dà lójú Àbẹ̀kẹ́, kò sì nù ún.

"Morẹ́nikẹ́," ó wí. "Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Morẹ́nikẹ́, mo rí ẹ o."

Gbogbo àwọn tó wà lọ́hùn-ún tún un pè.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Levi, fóònù lọ́wọ́ kan, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kejì. Ìyá Yúnúsà tẹ̀ lé e.

"Levi, má bínú. O ṣeun."

"Ẹ kú oríire, mà. Kò tọ́pẹ́."

"Gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Levi lọ́ tìkọ̀. "Mummy, tó bá jí, á máa bèèrè nọ́ńbà tí ẹ fi tì í. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè gbé e padà wá bẹ́ẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ká wá parí ìyókù."

Keziah tí Àbẹ̀kẹ́ bí gan-an kò mọ nọ́ńbà náà.

"Ìyá Yúnúsà," ó wí, "ẹ bá mi wo ìrẹsì tó wà lórí iná."

Ìyá Yúnúsà kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ. Àbẹ̀kẹ́ dúró títí ó fi wọ kíṣìnnì tán. Ó fa Levi mọ́ra, ó sì sọ nọ́ńbà náà sí i létí.