Ihò Inú Lẹ́tà

Ọwọ́ òsì ni Alábẹ fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìyá rẹ̀ nà án títí, ó ní ṣé ọwọ́ yìí náà lo máa fi júwe ilé bàbá rẹ, ọwọ́ ò gbọ́. Nígbà tí ogun ńlá dé tó sì kó àwọn ọkùnrin lọ, tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n ń jókòó sórí àga tó jẹ́ pé eruku rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n nù tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba kan gba òun náà síṣẹ́. Wọn ò bi í léèrè ọwọ́ tó ń lò. Wọ́n fún un ní abẹ, tábìlì, àti àpò lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ojú ogun. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Alábẹ.

Á ka lẹ́tà tí ọmọ ogun kọ sílé. Níbi tó bá ti dárúkọ ìlú, tàbí tó sọ àṣẹ tí ọ̀gá pa, á fi abẹ gé ibẹ̀ kúrò, lẹ́tà á sì lọ sílé tòun tihò. Wọ́n ní kó máa jó ègé tó bá gé ní ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ọ́fíìsì ń bá a jà pé ihò rẹ̀ kì í gún, igun kan máa ń wọ́.

"Ṣé igi ìdáná lò ń gé ni?"

"Ọwọ́ mi ló rí bẹ́ẹ̀, sà."

Ohun tí òfin ọ́fíìsì ò rántí ni pé ìwé ní ẹ̀yìn. Bébà ò pọ̀ nígbà ogun, ojú méjèèjì ni àwọn ọmọ ogun ń kọ. Bí o bá gé àṣẹ ọ̀gágun kúrò níwájú, ohun tí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bá a lọ nìyẹn. Alábẹ ò lè jó o. Ọ̀rọ̀ ìjọba lè jóná, kí ló wá kan "ẹ bá mi kí àbúrò mi"? Ó ń fi àwọn ègé náà sáyà lọ sílé, ó ń kọ nọ́ńbà lẹ́tà sí etí wọn, ó ń tò wọ́n sínú páálí bàtà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni ìjìyà rẹ̀. Ó mọ̀, nítorí ó ti búra, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì náà ni.

Ogun parí. Ọ̀gágun tó darí ìjà ìkẹyìn di alága ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì kọ ìwé gbàǹgbà kan nípa ara rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kó o tó lè kọ̀wé nípa ogun, o ní láti jẹ́ ọ̀gágun. Àwọn yòókù kàn ń kú sínú ìwé ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà á sórí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹgbẹ́ Kẹta nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sá kúrò létí odò láìgbàṣẹ, wọ́n sì fi ẹ̀rù pa ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí ìlú fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú sára òkúta ìrántí, wọ́n yọ gbogbo Ẹgbẹ́ Kẹta sílẹ̀.

Màmá Télọ̀, tó ń gbé ní òdìkejì ilé Alábẹ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú Ẹgbẹ́ Kẹta. Bí ọmọ ìyá ni òun àti Alábẹ tẹ́lẹ̀. "Àbúrò mi" ló ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ kó bá òun gé aṣọ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígé náà kì í sunwọ̀n. Bí lẹ́tà ìkẹyìn ọmọ rẹ̀ ṣe dé tòun ti ihò tí igun rẹ̀ wọ́, ó mọ ọwọ́ tó gé e. Ọdún mẹ́rin ni kò fi kí Alábẹ. Ní ẹ̀yìn lẹ́tà náà, ọmọ kọ ọ́ pé, "Màmá, nípa ẹ̀wù òtútù tí ẹ rán sí mi," ó wá di ihò. Ṣé ẹ̀wù náà dé? Ṣé ó bá a mu? Gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ ni Màmá Télọ̀ ń bi.

Alábẹ mọ ìdáhùn. Ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lódìkejì títì, ó ń wo páálí bàtà, ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ò jẹ́ kó dìde. Ojú ń tì í gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí orúkọ tó máa wà lára òkúta, ó gbé páálí náà jáde. Ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, wò ó.

"Tí wọ́n bá tì ẹ́ mọ́lé, èmi ò mọ ọbẹ̀ sè o."

"Ẹ máa kọ́ ọ. Ọdún méje tó láti kọ́ ọ."

"Ó dáa. Dúró kí n mú ọ̀pá mi, ká jọ lọ."

Gbọ̀ngàn ìlú kún dẹ́nu. Alága ka orúkọ tán, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Kò retí ọ̀rọ̀. Alábẹ dìde, ó sọ iṣẹ́ tó ṣe nígbà ogun àti ohun tí kò jó. Ó wá mú ègé kan, ó ka nọ́ńbà lẹ́tà tó wà létí rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè: "Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé ká fi etí odò sílẹ̀ lọ́la. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ nínú wa."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó kọ irú èyí? Obìnrin yìí sì ti jẹ́wọ́ pé òun da ìbúra. Ọlọ́pàá, ẹ mú un."

Ọlọ́pàá ń bọ̀. Nígbà náà ni àga kan dún lẹ́yìn, Màmá Télọ̀ sì dìde. Kò wo Alábẹ. Ó rìn dé iwájú, ó yọ lẹ́tà tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ó na ọwọ́ gba ègé náà, ó sì fi í sójú ihò. Ó wọ ibẹ̀ bí apá ẹ̀wù ṣe ń wọ ojú èjìká. Igun tó wọ́ bá igun tó wọ́ mu, ọ̀rọ̀ tí abẹ gé sí méjì sì padà di ọ̀kan.

Akọ̀wé fi ìka tọ ojú gígé náà, ó fi nọ́ńbà wéra. "Alága," ó ní, "ara ìwé kan náà ni."

Obìnrin mìíràn ti dìde, òun náà ní lẹ́tà lọ́wọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mọ́kànlá ni wọ́n, ihò mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ló rí ègé tirẹ̀, àṣẹ kan náà ló sì wà nínú wọn. Ọlọ́pàá tó fẹ́ mú Alábẹ tẹ̀ sí i létí, ó bi í bóyá ti ẹ̀gbọ́n òun náà wà nínú páálí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ obìnrin mọ́kànlá ló fi sáré. Àwọn ìgbìmọ̀ nawọ́ sókè: kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Ẹgbẹ́ Kẹta. Alága gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, kò sì dé àga yẹn mọ́.

Ẹ ti mọ ìyókù. Ẹ mọ̀ pé wọ́n pa òfin ìbúra yẹn rẹ́, pé obìnrin mẹ́ta wọ ìgbìmọ̀ nínú ìdìbò tó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí wọ́n fi àwọn lẹ́tà náà ṣe ló lé ìwé ọ̀gágun jáde nílé ẹ̀kọ́, àti pé láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé wa ti gbà pé ẹni tí kò ní ipò náà lè sọ ìtàn ogun. Àmọ́ mo ti sáré ṣíwájú. Gbọ̀ngàn ṣì ń hó, àwọn ènìyàn ṣì ń gbá ara wọn mọ́ra, Màmá Télọ̀ ṣì dúró nídìí tábìlì.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó rọra yí lẹ́tà àti ègé náà padà sẹ́yìn, ó kà á:

"Màmá, nípa ẹ̀wù òtútù tí ẹ rán sí mi, ó dé o, ó sì ń móoru. Apá kan gùn ju èkejì lọ, mo ká a sókè. Mi ò bọ́ ọ láti ọjọ́ náà."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń bínú.

"Apá kan gùn, kẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, apá ẹ̀wù mi kì í gùn jura wọn."

Alábẹ wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo bá yín gé apá yẹn."

Màmá Télọ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gun òkè wá títí ó fi di ara mọ́ tábìlì. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ òsì Alábẹ mú.

"Ọwọ́ burúkú yìí," ó ní. "Àbúrò mi, jẹ́ ká máa lọ sílé."