Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́

Ìdí mi kì í ṣe ìdí kékeré. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bí mo bá jókòó sí etí bẹ́ǹṣì kan, ẹni tó wà ní etí kejì á dìde láìjẹ́ pé ó fẹ́ dìde. Olóògbé ọkọ mi máa ń sọ pé ìyàwó méjì ni wọ́n gbé fún òun, wọ́n kàn dì wọ́n pọ̀ sínú aṣọ kan ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo há sínú ọkọ̀ eré-ìje ọmọ-ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ṣe ìwádìí kankan. Wọ́n ti dá ìdí mi lẹ́bi kí ìdí mi tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ là ń pe ọmọ-ọmọ mi náà. Àkọ́bí mi ọkùnrin ló bí i. Bí ẹ bá rí àwa méjèèjì pọ̀, ẹ ó rò pé èmi ni ilé, òun ni òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn oníbàárà tínú ń bí lóhùn lórí fóònù. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èébú gbogbo ayé ni wọ́n ń dà sí i létí, òun á sì máa dáhùn pé ẹ má bínú, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Kò gbọdọ̀ dìde lórí àga àfi tí ọ̀gá bá fún un láyè. Ó sọ fún mi rí pé àlá òun pàápàá ti ń dún bíi fóònù.

Ohun tó mú un ra ọkọ̀ kékeré yẹn nìyẹn. Ọkọ̀ alága méjì ni, àgbàlagbà ọkọ̀, tó rẹlẹ̀ débi pé òrùlé rẹ̀ kò ga ju ọmú mi lọ, ọmú mi alára ò sì ga mọ́. Pápá kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń gba àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ eré gidi láyè láti wá bára wọn sáré ní Sátidé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní tí òun bá ti wà lórí pápá yẹn, kò sẹ́ni tó lè pe òun.

Inú gáréèjì mi ló ti ń tún un ṣe. Ó ní ọkọ̀ eré kò gbọdọ̀ wúwo. Ó yọ rédíò. Ó yọ kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ àga kejì. Ó yọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́, ó fi ike tó mọ́ gaara dí ibẹ̀, ike tí kì í ṣí. Ó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú, ó so okùn síbẹ̀. Nígbà tó yọ họ́ọ̀nù, mo bi í pé ṣé ọkọ̀ ló ń tún ṣe àbí ìyẹ́ adìyẹ ló ń tu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Wẹ́dà tó wà ní òdìkejì òpópónà wa bá a jó irin kan tó tẹ̀ bí òṣùmàrè mọ́ ẹ̀yìn àga, nítorí bí ọkọ̀ bá yí gbirigbiri. Àga náà fúnra rẹ̀ jìn bí abọ́, ó ga ní ìhà méjèèjì kó lè di awakọ̀ mú. Ìwọ̀n Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá kun gbogbo ara ọkọ̀ lọ́dà tó pọ́n bí ogbe orí àkùkọ, ó ń dán yanran. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ fi ọwọ́ pa á lára.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ọmọ mi yẹn, ẹ̀rù àpótí ìjókòó ń bà á tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ga. Wọ́n jà títí, ìjà ọ̀hún wá parí sí ọrùn mi. Bàbá rẹ̀ ní kí Màmá fi ojú ara wọn wo ọkọ̀ náà, tí wọ́n bá sọ fún òun pé kò séwu, kí ọmọ máa lọ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ lòun máa wá gba èsì. Sátidé ni eré.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, Tẹ́ẹ́rẹ́ gba àyè níbi iṣẹ́. Ó ku ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe: kí ó tún sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pín ẹrù bó ṣe yẹ. Wọn kì í ṣe ìyẹn nínú ọkọ̀ òfìfo. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àga, tàbí nǹkan tó wúwo tó o. Àpò yanrìn ló sì máa ń lò, ṣùgbọ́n àpò ti ya, yanrìn ti dà sílẹ̀. Mo ní kí ni yanrìn mọ̀ ọ́n ṣe tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ tóbi jù mí lọ díẹ̀.”

“Díẹ̀ kẹ̀? Ọlọ́run á san án fún ọ.”

Ṣé mo sì ti sọ pé màá fi ojú ara mi wò ó. Mo kọ́kọ́ gbé orí wọlé, kò ṣe é ṣe. Mo jáde, mo yí padà, mo fi ẹ̀yìn wọlé bíi màlúù tí kò fẹ́ wọ ọgbà. Bí mo ṣe jókòó wọ̀ọ̀, nǹkan kan dún lábẹ́ mi: kẹ̀ẹ́. Mo rò pé eegun mi ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ di bẹ́líìtì mọ́ mi: méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan sì gba ibi tí kò yẹ kí ọmọ-ọmọ bá èèyàn dé. Ilẹ̀kùn kọ̀ láti pa dé, àfìgbà tó fi ìbàdí gbá a wọlé. Ló bá fi sípánà kọ́wọ́, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Níbẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí ọmọ náà yọ. Gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ké gbàjarè ló ti yọ dànù. Òórùn epo àti ti ọ̀dà gba inú ibẹ̀ kan. Ògiri ni mo ń wò níwájú, ògiri tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ọkọ̀ fara tì. Òógùn ń ṣàn wọ inú ojú mi. Mo ń gbọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi imú kọrin nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ó wá ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo fa okùn inú, okùn já sí mi lọ́wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó fà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ilẹ̀kùn kò mira. Ló bá sáré lọ pe wẹ́dà.

Wẹ́dà dé, ó wò mí láti inú ike, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Màmá àgbà, ó dà bíi pé àga yìí ti gbé yín níyàwó.”

Mo ní, “Kó kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó gbé mi ṣáájú bóyá ó rọrùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́líìtì sì fún mi lọ́rùn bí mo ṣe ń rín in. Wẹ́dà ní ìdí Màmá ló há, wọ́n máa fi ọṣẹ yọ wọ́n ni. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Lóòótọ́ ni ìdí mi há sínú àga, ṣùgbọ́n ìdí mi kò dé ibi ilẹ̀kùn. Kí ló wá mú ilẹ̀kùn? Mo wo ààlà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Lókè, irin ti wọ irin. Nísàlẹ̀, ó yà débi tí mo fi ń rí ilẹ̀ gáréèjì. Ọdún tí òjò wú ìpìlẹ̀ ilé wa, bí ilẹ̀kùn yàrá mi ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo sọ fún wẹ́dà kó wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lóṣòó, ó fi sípánà kan irin gbọọrọ tó gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, èyí tó so iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Níwájú, ó dún kọ́n-kọ́n. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ibi tí mo jókòó sí, ó dún pọ̀ọ̀. Ọ̀dà bó, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ jábọ́, ìpẹtà sì tú jáde bíi gaàrí. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti fi pọ́tì dí irin tó ti jẹrà, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti fi ọ̀dà dáradára kùn ún. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àwa kun ètè lọ́dà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wẹ́dà lọ gbé jáàkì, ó fi ti àárín ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn wá ṣí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí. Ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ni yóò jọ lọ: díẹ̀ ló kù kí àga bá mi jáde. Wẹ́dà ní àfi kí wọ́n gé gbogbo irin ìsàlẹ̀ yẹn dànù, ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n jó tuntun síbẹ̀, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó gbé jáàkì rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ, kò wò mí lójú.

Ó ní, “Màmá, kì í há fún mi. Èmi fúyẹ́. Tí Bàbá bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ìdí yín ló há. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn.”

Mo ń na kaba mi tó ti rún.

“Ọjọ́ kan péré, Màmá. Tí Sátidé bá ti kọjá, kí wọ́n gé e. Mi ò lè padà sínú yàrá yẹn ní Mọ́ńdè láì tíì lọ.”

Ẹ wo ibi tí ọmọ yìí há mi sí. Bí mo bá la ẹnu, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yàrá aláìfèrèsé yẹn mọ́ ọn. Bí mo bá pa á mọ́, tí ọkọ̀ gbiná lórí pápá ńkọ́? Ibi tí mo dúró sí báyìí fẹ̀ ju àga ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo há síbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní, “Wọlé. Jẹ́ kí n rí i pé kì í há fún ọ.”

Ó wọlé wẹ́rẹ́ bí aláǹgbá. Ó di bẹ́líìtì, ó pa ilẹ̀kùn, ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i, kò ṣe wàhálà kankan. Ó fi eyín funfun hàn mí. Mo ní kó tún un pa. Bó ṣe pa á, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé òrùlé, mo gbé àyà lé e, mo gbé ikùn tì í, mo wá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe?”

“Èmi ni kọ́nà. Èmi ni kòtò. Ṣé kọ́nà pápá yẹn máa kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o fúyẹ́?”

Kẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa méjèèjì la gbọ́ ọ.

“Ó yá, iná ti ń jó. Jáde.”

Ó fi èjìká ta ilẹ̀kùn, ó tún ta á. Ó fi orúnkún gbá a. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, àwàdà náà ti tó. Mo ti gbọ́, mo fẹ́ sọ̀, àmọ́ nígbà tó ń pa ilẹ̀kùn, ó ti pa á mọ́ etí kaba mi. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, kaba fà mí padà. Mo ní kò burú, ṣáà ṣí i. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo ti kúrò lórí òrùlé pátá, irin kò sì padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Ó ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà: òun nínú, èmi níta, ilẹ̀kùn kan ló di àwa méjèèjì mú. Mo pe wẹ́dà, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ gbé ohùn mi mì. Èémí Tẹ́ẹ́rẹ́ ti bo ike náà, mo kàn ń rí imú rẹ̀ àti ọwọ́ tó fi ń nu ún. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Bí ibi iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí.”

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ bá wa. Ó dúró lẹ́nu gáréèjì, ó wo ìyá rẹ̀ tó fara mọ́ ọkọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Mò ń fi ojú ara mi wò ó ni, bí o ṣe ní kí n wò ó.”

“Ṣé kò séwu?”

Mo la ẹnu. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí ì bá ti ibẹ̀ jáde, torí Tẹ́ẹ́rẹ́ kan ike lẹ́ẹ̀kan.

“Bàbá, mi ò lè jáde. Kì í ṣe Màmá ló fà á. Irin ọkọ̀ ti jẹrà. Mi ò lọ mọ́ ní Sátidé.”

Ọmọ mi tí ẹ̀rù àpótí ìjókòó ń bà ti yí padà. Ó sáré gba jáàkì wá lọ́wọ́ wẹ́dà, ó fi aṣọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú epo, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ títí dé ìgbáròkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ sókè. Kaba mi ya kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Wọ́n rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí, mo ní kí wọ́n bojú.

Ní Sátidé, ìgbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ wà lórí òkúta nínú gáréèjì. Wẹ́dà ti yọ ilẹ̀kùn méjèèjì, ó ti la ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹja. Tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, ó jókòó sínú àga rẹ̀, ó di sitiárìn mú. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì inú ilé, ó ti pa á. Mo jókòó tì í lórí àpò yanrìn tó ti ya. Kò sẹ́ni tó pè é. Ní Mọ́ńdè, ó padà síbi iṣẹ́.

Wọ́n ti ń jó irin tuntun síbẹ̀ báyìí. Wẹ́dà ní bí òun bá parí, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún mi, kò sí ẹni tí kò ní ṣí fún. Mo ti sọ fún wọn pé mo ti ń dín oúnjẹ kù nítorí ọjọ́ náà. Irọ́ ni.